Èsì: Sísun mọ́jú ní bothy lórí òkè Skọ́tlándì
Ẹ béèrè bóyá èèyàn ń sanwó kó tó sùn ní bothy, ìyẹn àwọn ilé òkúta kéékèèké tí àwọn tó ń rin òkè máa ń sùn mọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò síná, kò sómi ẹ̀rọ, wọn kì í sì í bá èèyàn fi àyè pamọ́. Ẹ gbé tẹ́ǹtì dání, torí ó lè ti kún. Bí ẹ bá tó 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dà bo ibẹ̀. Ẹní fóòmù ṣe kókó ju kúbùsù lọ: ilẹ̀ ló ń fa ooru ara. Ẹ jẹ́ kí omi odò hó fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Tẹ́ ẹ bá tan sítóòfù gáàsì, ẹ ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Gáàsì olóró tí kò lóòórùn, tó ń ti ara iná sítóòfù jáde, ń pani lójú oorun. Ẹ so oúnjẹ rọ̀ sókè, èkúté ibẹ̀ ò mọ àlejò! Ṣọ́bìrì ni ṣaláńgá yín: ẹ gbẹ́ kòtò jìnnà sódò, kẹ́ ẹ sì bò ó.