Báwo ni Madam C. J. Walker ṣe kú, kí ló sì fi owó rẹ̀ ṣe?

Àìsàn kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Madam C. J. Walker, ní May 25, 1919, nílé rẹ̀ ní Irvington, ìpínlẹ̀ New York. Ẹni ọdún 51 ni.

Sarah Breedlove lorúkọ àbísọ rẹ̀. Louisiana ni wọ́n bí i sí ní 1867. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe kó tó di olówó nídìí ìpara irun àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú.

Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè ilé-iṣẹ́ ìpara irun rẹ̀ máa lọ sí iṣẹ́ àánú. Dọ́là 5,000 ló fún NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tó kú, láti fi gbógun ti pípa aláwọ̀ dúdú láìsí ìdájọ́. Wọ́n sábà ń pè é ní obìnrin àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ di olówó mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà, àmọ́ àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí ìyẹn.