Owó ìjọba fún ọmọ tí òbí ẹ̀ jẹ́ aláìlera

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé. Rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kọ lu ẹ̀gbọ́n mi l'Amẹ́ríkà, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè gbé ife omi mọ́. Ìjọba ń sanwó fún wọn, ṣé àwọn ọmọ náà lè gbà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Tó bá jẹ́ owó Social Security tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ wọn nígbà yẹn ni, ọmọ tí ò tíì pé 18 tí ò sì tíì ṣègbéyàwó lè gbà tó ìdajì owó òbí ẹ̀, tó bá ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ó lè dé 19, àmọ́ ó níye tí ẹbí kan ò lè kọjá o. SSI ní tiẹ̀, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún aláìlera tàbí arúgbó tí ò lówó lọ́wọ́, kì í san tọmọ mọ́ ti òbí. Kí wọ́n tètè wá sàtífíkéètì ọjọ́ìbí àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n fi béèrè owó náà, ẹ jọ̀ọ́, torí oṣù tó bá ti pẹ́ jù, wọn ò ní san án padà.