Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń dá ọjọ́ ọdún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò o. Mo rí ìbéèrè yín pé ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ wálé láti Kánádà wá wo Ojúde Ọba, pé ìyàwó yín ní kí wọ́n rí Ọ̀ṣun Òṣogbo náà, àti pé ṣé kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Oṣù ojú ọ̀run ló ń darí Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú Òde. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Lọ́dọọdún, ó máa ń yá ju ti èṣí lọ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ti èṣí ra tíkẹ́ẹ̀tì yóò dé nígbà tí wọ́n ti ń kó àga nílẹ̀. Nítorí ìrí oṣù, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ níwájú, kí ẹ sì fi méjì sílẹ̀ lẹ́yìn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì ni rẹgbẹ́rẹgbẹ́ yín. Ẹ ní kí àwọn ará ilé bá yín wádìí ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí yín bọ́ sí, kí wọ́n sì so yín pọ̀ mọ́ akọ̀wé wọn. Aṣọ ẹgbẹ́ ti máa ń jáde tipẹ́ kí ọdún tó dé, iṣẹ́ sì máa ń wọ télọ̀ lọ́rùn. Ẹ tètè fi owó aṣọ àti ìwọ̀n ara yín ránṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá ń jó lọ síwájú ọba, àwọ̀ kan náà ni láti orí dé ẹsẹ̀, ìlù ń dún, abẹ̀bẹ̀ ń fì. Ó dùn láti wà láàárín wọn ju kéèyàn jókòó máa wòran lọ. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé àwọn ìdílé Balógun máa gun ẹṣin wá, ìbọn á sì máa ró, kí ẹ̀rù má bà wọ́n.

Ọ̀ṣun ní tirẹ̀, oṣù kẹjọ ni. Ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, ló ń kéde ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi méjì ló máa ń gbà, ọjọ́ tí Arugbá máa gbé igbá lọ sódò ló sì ń kádìí ẹ̀. Láti 2005 tí UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé, àlejò ń ti ibi gbogbo wá, ilé ìtura sì máa ń tètè kún. Ẹ gba yàrá ṣáájú.

Ẹ ò lè fi ìrìn àjò kúkúrú kan rí méjèèjì. Iléyá ti ń sún wọ oṣù karùn-ún, àlàfo tó wà láàárín wọn sì ń gbòòrò sí i. Àwọn ọmọ yín á ṣì wà ní ilé ìwé nígbà Ojúde Ọba. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ní ìsinmi. Tèmi ni pé kí ẹ mú Ọ̀ṣun lọ́dún yìí, kí ẹ̀yin nìkan wá sí Ojúde Ọba nígbà mìíràn. Ní oṣù kẹjọ yẹn náà ni ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ má fi sí ogúnjọ́ oṣù náà: ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ni, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti sọ ọ́ di ìsinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ sun ìlú mìíràn lójú ọ̀nà, ẹ bi àgbàlagbà ibẹ̀ bóyá wọ́n ń ṣe Orò, torí obìnrin kì í jáde nígbà náà, ìyàwó yín àti ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ilé.

Ọmọ tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Kánádà nílò físà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ti Nàìjíríà fún wọn, NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.