Kí ẹ tó kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ wo ilẹ̀kùn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Tíṣà wa. Mo ka ìbéèrè yín, pé ẹ fẹ́ kó ọmọ ìjọ 14 láti Ìjerò lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé eré yàrá-yàrá tó wà l'Ékòó nígbà ìsinmi gígùn, àwọn ọmọ ọdún 9 sí 15. Ẹ ní ẹni mélòó ló yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́ kan, kí ni kí wọ́n wọ̀, èló sì ni kí òbí kọ̀ọ̀kan dá. Èmi kó tèmi lọ lọ́dún tó kọjá láti Adó, ọmọ 6: mẹ́ta tèmi, mẹ́ta ti ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé n'Íkẹ̀rẹ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Mo sọ ìyẹn torí pé ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ mi máa dá lé jù, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Fún àwọn tí kò tíì dé irú ibẹ̀ rí: yàrá ló kún inú ilé náà. Nínú ọ̀kan, iná á máa tàn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ẹ bá fi lè tẹ èyí tó pupa, ó parí nìyẹn. Nínú òmíràn, ẹ ó máa fò láti orí pákó kan sí èkejì láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nínú òmíràn, nọ́ńbà àti àwòrán ló wà lára ògiri, ẹ ó máa rò ó títí ẹ ó fi rí ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó kàn. Àwọn ará Síwídìn ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́, Boda Borg ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ṣí ọ̀kan sí Malden nítòsí Boston l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2015. Ẹni 3 sí 5 ló ń wọlé pọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún yín, tí ẹ bá ṣì í, ẹ ó jáde, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́lé fún bíi ìṣẹ́jú 60 pé kó wá ọ̀nà àbájáde, Jàpáánì nìyẹn ti wá: ìlú Kyoto, ọdún 2007, Takao Kato ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí a lọ l'Ékòó pa méjèèjì pọ̀. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀.

Ẹ pín wọn sí 5, 5, 4. Ẹ má ṣe kó àwọn ọmọ ọdún 9 jọ sójú kan, ẹ fi àgbà kan ti kékeré méjì. Ẹ má rò pé àwọn tó lágbára ló máa ṣe é jù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ òkè Olósùnta ni wọ́n ti ń ṣeré láti kékeré, wọ́n lè gun ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 10, tó jẹ́ pé àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń bá ìyá mi pa lálaalẹ́, òun ló yanjú yàrá méjì fún wọn nígbà tí àwọn tó dàgbà ń fò kiri. Tí ẹ bá fẹ́ múra wọn sílẹ̀, ẹ máa pa àlọ́ àpamọ̀ fún wọn lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ṣòkòtò ni kí gbogbo wọn wọ̀, àti bàtà kánfáásì.

Ó yá, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

Ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún 13, ní ikọ́ fée. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti sọ fún wa láti bí ọdún méjì pé ó ti ń dàgbà kọjá rẹ̀, pé ká yé dáyà já ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Ìyá rẹ̀ ṣáà fi ínhélà sí i lápò. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ tíṣọ́ọ̀tì dúdú, tó gbé wọkí-tọkí dání, ní kí wọ́n tú gbogbo ohun tó wà lápò wọn sínú lọ́kà. Mo ní oògùn nìyí o. Ó ní òfin ni, ó lè já bọ́ kó fọ́ iná ilẹ̀. Mo gbà. Èmi tí mo jẹ́ bàbá rẹ̀ gbà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e síbẹ̀, ilẹ̀kùn lọ́kà náà pa dé, iná kékeré kan sì tàn pupa lójú rẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé pọ̀. Àwa òbí jókòó sórí àga níta, à ń wò wọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé yàrá kẹrin, ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín funfun kí ibẹ̀ lè dà bí inú igbó. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí iná fi lọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. A gbọ́ ariwo àwọn ọmọ, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n rò pé ara eré ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ikọ́. Mo mọ ikọ́ ọmọ mi, ó máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa ayùn lórí igi tútù.

Mo sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo fi èjìká tì í, kò mì. Mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi dè é lókè. Mo ti fi irú rẹ̀ sí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rí. Iná ló ń mú kó gbá irin mú. Tí iná bá ti lọ, ó yẹ kó tú fúnra rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti so ó mọ́ bátìrì ínfátà kí NEPA má baà bá eré jẹ́. Lọ́kà tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọn ò so ìyẹn mọ́ bátìrì. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó tú kò tú, lọ́kà tó yẹ kó ṣí kò ṣí.

Ọmọkùnrin tó gbé wọkí-tọkí ń sọ pé, “Bàbá, ẹ fara balẹ̀, wọ́n ti fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀.” Ó ń pe máníjà. Ọwọ́ máníjà ni kọ́kọ́rọ́ wà, máníjà sì ti lọ jẹun. Mo padà sídìí lọ́kà. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ ni wọ́n fi kàn án, súkúrù kò dúró dáadáa nínú irú igi bẹ́ẹ̀. Mo ti ẹsẹ̀ irin àga bọ ibi híńjìsì, mo fi ara tì í, híńjìsì òkè tú jáde pẹ̀lú súkúrù rẹ̀ méjèèjì, ìyẹ̀fun igi sì dà sí mi lọ́wọ́. Mo mú ínhélà.

Nínú yàrá yẹn, bọ́tìnnì pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ń tú mágínẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi han àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọlé. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọwọ́ wá ara ògiri nínú òkùnkùn títí ó fi kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì tú, síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò ṣí, torí pé inú ló ń ṣí sí, àwọn ọmọ mẹ́fà sì ti rọ́ mọ́ ọn. Mo ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: sún sẹ́yìn, sún sẹ́yìn. Nígbà tó ṣí, ètè ọmọ mi ti ń ṣú. Mo mi ínhélà, mo fún un ní ìfà kan, mo dúró díẹ̀, mo fún un ní ìkejì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Máníjà dé. Kò béèrè orúkọ ọmọ. Ó ní ta ló fọ́ lọ́kà. Ó fa fọ́ọ̀mù tí mo ti fọwọ́ sí jáde, ó fi ìlà hàn mí níbi tí mo ti gbà pé ohunkóhun tí a bá bà jẹ́, a ó san án. Mo san án. Ìwé àṣẹ kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn, mi ò gbà pé ó wọ yàrá kẹrin, ó pa iná, ó sì wá bọ́tìnnì. Káfíńtà kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa gbà sá jáde, ìta ló yẹ kó máa ṣí sí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé mò ń ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2019, ní ìlú Koszalin ní Póláǹdì, ọmọbìnrin 5, ọmọ ọdún 15 ni gbogbo wọn, lọ ṣe ọjọ́ìbí ọ̀kan nínú wọn ní irú ibẹ̀. Gáàsì jò lára ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, iná ràn, wọn ò lè ṣí ilẹ̀kùn láti inú. Wọ́n kú, àwọn márààrún. Ìgbà yẹn ni ìjọba wọn tó lọ yẹ gbogbo irú ibẹ̀ wò káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ pa.

Nítorí náà, Tíṣà, kí ẹnì kan lọ wo ibẹ̀ ṣáájú. Kó ní kí wọ́n fi bọ́tìnnì yàrá kọ̀ọ̀kan han òun, kó tẹ̀ ẹ́, kó rí i pé ilẹ̀kùn tú. Kó béèrè pé tí iná bá lọ ńkọ́, kí wọ́n sì pa á lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, kó máa bọ̀ nílé. Ẹ béèrè yàrá wo ló ní èéfín. Ẹ béèrè èwo ni iná ti ń ṣẹ́jú kíákíá, torí ó lè gbé wárápá sókè lára ẹni tó ní in. Oògùn ọmọ, ọwọ́ àgbà tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ni kó wà. Lọ́kà kọ́.

Fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ gbà á wá sílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Òbí ọmọ ni kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀yin, torí ẹ̀yin ni wọ́n máa dì mú. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ fọ́tò: tèmi fún wọn láṣẹ láti gbé ojú àwọn ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì mọ̀ títí di ọjọ́ kẹta. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ẹ má ṣe lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwa ṣe bẹ́ẹ̀, a kúrò ní Adó ní aago mẹ́rin ìdájí, gòsílóò dá wa dúró, a fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́. Wọ́n ní aago àwọn ti ń kà láti àkókò tá a sanwó fún, wọ́n sì yọ ogójì ìṣẹ́jú náà. Ẹ sùn sílé ìjọ yín kan níbẹ̀. Ẹ má sì fún wọn níyán láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ Èkìtì ni wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ iyán tán tó lọ ń fò lórí pákó, ó máa bì í.

Owó: mi ò ní sọ iye tá a san, torí ó ti yí padà. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ pé 14 ni yín, ẹ béèrè ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀. Kí àwọn òbí dá owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibi orun lọ́tọ̀, kí ẹ sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì.

Tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹnì kan máa lọ wo ibẹ̀ ṣáájú, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Mo lè tẹ̀lé yín. Èmi ni màá san owó ọkọ̀ mi, ilẹ̀kùn nìkan ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn.