Ṣé práìmù ni 4,294,967,297?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, Tísà. Mo fi 3, 7, 11 àti 13 pín 4,294,967,297, ó ń ṣẹ́kù ṣáá. Ẹnì kan tó ń ta fọ́múlà lórí WhatsApp ní nọ́ńbà gígùn tó bá parí sí 7, tí àwọn nọ́ńbà kéékèèké kò lè pín, práìmù ni. Ṣé kí n ra fọ́múlà náà?

ÌDÁHÙN: Má rà á o, àbúrò mi. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ń bí mi pé owó ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń gbà.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe práìmù. 641 pín in láìṣẹ́kù. Mú bírò: 6,700,417 lọ́nà 600 jẹ́ 4,020,250,200, lọ́nà 41, ó jẹ́ 274,717,097. Ro méjèèjì pọ̀, kí o wo ohun tó máa jáde.

Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nọ́ńbà kankan kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Kankan ni mo wí, n kò sọ pé kéékèèké. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì yín lọ́nà. Ti pé ó parí sí 7 ńkọ́? 27 náà parí sí 7, 3 sì pín in. Tó bá jẹ́ pípín lásán lo fẹ́ fi mọ̀ ọ́n, gbogbo práìmù títí dé 65,536 lo máa dán wò, torí 65,536 lọ́nà 65,536 jẹ́ 4,294,967,296. Ó ku 1 kó tó pé tìrẹ. Nọ́ńbà méjì tí wọ́n bá ju 65,536 lọ, ọ̀kan lọ́nà èkejì yóò ju tìrẹ lọ. Àwọn práìmù náà jẹ́ 6,542. Mẹ́rin péré lo dán wò!

Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé ọ̀mọ̀wé ńlá ṣubú rí. Pierre de Fermat, ọmọ Faransé, rí i pé 3, 5, 17, 257 àti 65,537 jẹ́ práìmù. Yọ 1 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 2, 4, 16, 256, 65,536, kálukú lọ́nà ara rẹ̀ ló bí èyí tó tẹ̀lé e. Ní 1640, ó gbà pé èyí tó kàn, tìrẹ yìí gan-an, yóò jẹ́ práìmù pẹ̀lú. Ní 1732 ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi 641 já a. Euler náà ló fi hàn pé práìmù yòówù tó bá máa pín nọ́ńbà yìí, tí a bá fi 64 pín práìmù ọ̀hún, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Irú wọn kò pọ̀: 193, 257, 449, 577, ó di 641. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló bọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n má gbé 64 yìí lọ bá nọ́ńbà mìíràn tó bá ṣáà ti wù ọ́, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. N kò sì pe ontàjà yẹn ní olè o. Ohun tí o kọ sí mi ni mo ń dáhùn, irọ́ sì ni ohun náà.

Tí o bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ, 6,700,417 práìmù ni. Ìlànà 64 bá òun náà mu, torí ohun tó bá pín in yóò pín nọ́ńbà ńlá yẹn. Máa dán àwọn práìmù tó bá ìlànà náà mu wò láti 193 títí dé 2,588, torí 2,589 lọ́nà ara rẹ̀ ti ju 6,700,417 lọ. Tí kò bá sí èyí tó pín in, o ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, o kò sì ná kọ́bọ̀.