Ẹ Bi Ìyá Aládìrẹ: Kí ni kí n kọ sí mùsíọ́mù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aládìrẹ. Ilẹ̀kùn ni mò ń gbẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn mùsíọ́mù òkèèrè ń gba oníṣẹ́ ọnà lálejò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n wá yẹ ohun tó wà nípamọ́ wò. Mi ò kàwé kọjá girama. Kí ni kí n kọ sí wọn, mà?
— Agbẹ́gilére, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Èsì: Ọmọ mi, má jẹ́ kí girama dá ọ dúró. Irú ètò tí Smithsonian, àjọ mùsíọ́mù ńlá ti Amẹ́ríkà, ń ṣe fún oníṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ tó o ti ṣe àti ohun tó o fẹ́ wádìí ni wọ́n ń wò.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí èmi kọ lọ́jọ́sí, mo ní mo fẹ́ “túbọ̀ mọ àṣà wa”. Wọn ò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo tún un kọ, mo ní aṣọ ẹlẹ́kọ (àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ kọ) kan ṣoṣo ni mo fẹ́ wò, kí n mọ̀ bóyá ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi kọ ọ́ tàbí páànù tí wọ́n gé àwòrán sí lára. Wọ́n pè mí. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n mú wọlé (bírò ò gbọdọ̀ súnmọ́ aṣọ), mo sì jókòó tì í títí wọ́n fi lé mi jáde. Ìyẹ́ ni. Mo rí ibi tí ọwọ́ ìyá náà ti gbọ̀n.

Ní tìrẹ, ilẹ̀kùn ààfin Ọgọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́ yín, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley lọ́dún 1924. Ọgọ̀gà ò tà á, àga ọba tí wọ́n kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pààrọ̀. Má kọ nǹkan kan nípa òyìnbó tí wọ́n rù lára ilẹ̀kùn náà o, àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ tiẹ̀ tán. Béèrè ohun tí agbẹ́gi ń béèrè: àwọn ère yẹn yọ jáde lára pátákó bí ẹni fẹ́ sọ̀kalẹ̀, báwo ni igi ò ṣe là? Ní kí wọ́n jẹ́ kó o rí ẹ̀yìn rẹ̀ àti etí rẹ̀, bóyá ojú àáké ṣì hàn níbẹ̀, kó o mọ ibi tó ti parí dídán tó bọ́ sí fínfín.

Kó o tó kọ̀wé, lọ sí Ìsẹ̀. Lọ́dún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí. Ya Ìbàdàn náà: fáìlì ìjọba òyìnbó lórí Èkìtì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba nínú Yunifásítì. Owó ọkọ̀ ibẹ̀ ò tó owó físà.

Ojú ìwé kan tó fún lẹ́tà náà. Fi fọ́tò ilẹ̀kùn tìrẹ mẹ́ta sí i, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀.