Ṣé dandan ni kọ́mọ lọ síléèwé, àbí ìfẹ́ inú òbí ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Tákìé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Ìyá kan nílé wa gba ọmọbìnrin kan wá láti oko, ọmọ ọdún 10, ẹ̀kọ ló ń kiri láràárọ̀, kò tíì wọ kíláàsì rí. Mo bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní ẹni tó bá wù ló ń rán ọmọ níléèwé. Bàbá mi ní irọ́ ni, pé látayé Awólọ́wọ̀ ló ti di dandan. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá yín ló jàre, àmọ́ ti Awólọ́wọ̀ tí wọ́n dárúkọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Nígbà tí Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, gbé àbá ètò ẹ̀kọ́ pámárì kalẹ̀ lọ́dún 1952, ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, dandan náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ètò yẹn máa fi bẹ̀rẹ̀ ní January 17, 1955, ọ̀fẹ́ nìkan ló kù. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mú òbí tí kò sí àyè fọ́mọ ẹ̀? Àwọn ọmọ tó wà ní pámárì lọ́dún 1954 ò ju nǹkan bíi 450,000 lọ, ọdún kejì wọ́n ti lé ní 800,000, tíṣà ò tó, kíláàsì ò tó. Àwọn àgbà ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ní kọ́mọ na ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí kejì, tọ́wọ́ ò bá kàn án, ó dilé. Owó orí tí wọ́n fi kún un nítorí ètò yìí bí àwọn èèyàn nínú débi pé ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ 1954, síbẹ̀ wọn ò dá a dúró, ohun tí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn nìyẹn.

Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ mú ọ̀fẹ́ ká gbogbo Nàìjíríà ní September 1976. Dandan gan-an wà nínú òfin UBE (ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004: láti pámárì wáànù títí dé JSS 3, ọdún 9 gbáko. Òbí tó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ bá a wí, ẹlẹ́ẹ̀kejì owó ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Alágbàtọ́ náà wà nínú ẹ̀ o, ìyá yẹn ò lè sọ pé òun kọ́ lòún bí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi òfin dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ bá wọn mú ọmọ náà lọ bá hẹ́dímásítà iléèwé ìjọba tó bá sún mọ́ yín, wọ́n á wo kíláàsì tó bá a mu. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì yín.